Ẹ Má Pa Súìṣì Pálọ̀ Mọ́

Bàbá àwọn ọmọ,

Ẹ má pa súìṣì pálọ̀ mọ́ tí ẹ bá ń jáde. Oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá láàárọ̀ yìí. Dikóda ńlá tó wà ní pálọ̀ ló ń gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n tó gbé sí yàrá Màmá yín. Tí ẹ bá pa á, tiwọn náà kú nìyẹn.

Ẹ máa rí ihò lára ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà. Èmi ni mo ní kó lu ú kí wáyà lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má bínú.

Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ Màmá ti ṣẹ́, ògiri ni wọ́n ń kọjú sí. Lónìí, wọ́n pariwo pè mí: “Ìyàwó, wá wo ọ̀dẹ̀ ọkùnrin tó ń sunkún obìnrin!” Kíṣìnì ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Kí ẹ tó bá mi jà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn wò ó. Wọ́n ti ní kí n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè yín.