Màmá Rambhaben Parekh, Ẹni Tí Kò Fi Oúnjẹ Ránṣẹ́ sí Òkú (1941–2019)

Ìlú Wadhwan ní ilẹ̀ Saurashtra ní orílẹ̀-èdè Íńdíà ni a bí Màmá Rambhaben sí ní ọdún 1941, nínú ìdílé Talakshi Sanghvi, oníṣòwò aṣọ, àti aya rẹ̀ Samratben. Ẹlẹ́sìn Jain pọ́ńbélé ni wọ́n, àwọn tó gbà pé bí èèyàn bá kú, lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ ń tún ayé wá nínú ara mìíràn, ìbáà ṣe ti ẹranko tàbí ti irúgbìn. Wọn kì í jẹun lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, wọn kì í sì í jẹ ọ̀dùnkún, nítorí àwọn ẹ̀mí kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Màmá kàwé dé kíláàsì keje.

Ní ọdún 1960, Màmá fẹ́ Bàbá wa, Natwarlal Parekh, tí ń sin Krishna, òrìṣà àwọn Híńdù. Bàbá a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nídìí oúnjẹ pé, "Ìyá Bipin, rọra o. Bóyá bàbá mi ló wà nínú ọ̀dùnkún yìí." Màmá á rẹ́rìn-ín, wọn á sì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọdún 1969 ni ibà pa àbúrò wa, Ila, ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí àkókò tí àwọn ẹlẹ́sìn Bàbá fi ń fún àwọn òkú lóúnjẹ lọ́dọọdún tó, Bàbá ní kí Màmá se ìrẹsì onímílíìkì, kí a gbé e sórí òrùlé fún kannakánná, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ Ila. Màmá kọ̀.

"Ọmọ rẹ ni. Ebi ń pa á," Bàbá wí.

"Bàbá Bipin, ẹ̀mí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ila ti ní ìyá mìíràn."

Bàbá fi ọwọ́ ara wọn se é, ọdọọdún ni wọ́n sì ń se é. Àwọn ẹbí ní òkúta ni àyà Màmá. Wọn kò rí ohun tí àwa ọmọ rí: kò sí ọmọdé tó kọjá lójúde wa tí Màmá kì í wò pẹ́. Màmá kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá èèyàn ni Ila tún padà jẹ́, nítorí náà wọn a máa yà fún èèrà lójú ọ̀nà. Àwọn nìkan ló ní ìgbàgbọ́ yìí nínú ilé wa, àwọn nìkan ló sì ń dá ọ̀fọ̀ Ila ṣe. Ogún ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ní àdúrà nínú tẹ́ńpìlì Jain.

Nígbà tí àìsàn wọ Màmá lára lọ́dún yìí, Bàbá bi wọ́n bóyá àwọn méjèèjì yóò tún pàdé lọ́dọ̀ Olúwa, níbi tí gbogbo ẹ̀mí ti di ọ̀kan. Màmá di ọwọ́ Bàbá mú.

"Kálukú ló ń dá lọ, Bàbá Bipin. Ẹ dárí jì mí fún gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí yín."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Màmá nìyẹn. Bàbá ṣì jókòó, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Màmá fi Bàbá sáyé lọ, àti àwa ọmọ, Bipin àti Kirit, pẹ̀lú àwọn ìyàwó wa àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Bàbá ní bí àkókò àwọn òkú bá dé, àwọn yóò se ti Ila, àwọn kò ní se ti Màmá. "Kò ní wá jẹ ẹ́," ni Bàbá wí, wọ́n sì sunkún.

Màmá, a kò ní kí ẹ sùn re, nítorí ẹ ní ẹ̀mí kì í sùn. Ibi yòówù tí ẹ bá dé báyìí, kí ìyá tó bá bí yín tètè máa gbé yín mọ́ra.