O Pẹ́, Nu Ẹsẹ̀ Rẹ

                                                  Ilé Bàbá Damien,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                  Pobè.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Èbìbí, 2024.

Ìyá Merveille, ọ̀rẹ́ mi tí mi ò ní irú rẹ̀ méjì,

Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta o! Mo kí ọ, mo kí Bàbá Merveille, mo sì kí Merveille fúnra rẹ̀, tí mo gbọ́ pé ó ti ga jù ọ́ lọ báyìí. Orí tó máa ń fọ́ ọ nígbà ọyẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o sinmi? Ṣé o ti ń gbọ́ èdè àwọn ará Natitingou, àbí ìka lo ṣì fi ń ra tòmátì lọ́jà wọn? Èmi wà, ara mi le, mo ń jẹun, mo ń sùn. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ìyókù, lọ gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná kí o tó jókòó, mo mọ̀ ọ́, o máa jẹ́ kó jóná.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù ti sú mi. Kí n tó bèèrè àlàáfíà rẹ, ìwọ á ti ní ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn, nẹ́tíwọ́kì á sì gé ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Léonce, àbúrò ọkọ rẹ, ló sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. A ò tíì bọ́ sùtánà lọ́rùn tí mo ti dì í mú, mo ní mo ní ohun tí mo fẹ́ fi rán an. Gàrí ló rò pé ó jẹ́, kò mọ̀ pé lẹ́tà ni.

Eugénie, ilé yìí dákẹ́ jù láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ. Awakọ̀ akẹ́rù kan ló gba yàrá rẹ. Ó máa ń jáde kí n tó jí, ó sì máa ń wọlé lẹ́yìn tí mo bá ti tilẹ̀kùn, títí di bí mo ti ń wí yìí mi ò mọ ohùn rẹ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí ìwọ wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń ráhùn pé ariwo rẹ pọ̀, pé kí ló dé tí o fi ń kọrin ìsìn sórí àwo tí o ń fọ̀. Ní báyìí, rédíò ni mo máa ń tàn bí mo bá ń se ẹ̀wà. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, mo kàn fẹ́ kí ènìyàn kan máa sọ̀rọ̀ nínú ilé ni.

Mo ṣì máa ń lọ sí Sakété lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí a ti máa ń ṣe. Ilé Ìyá mi ni mo ń lọ gbá. Nígbà tí a sin ín, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé yóò mọ́ mi lára. Kò mọ́ mi lára o. O rántí bó ṣe máa ń ṣe? Ẹsẹ̀ wa kò ní tíì tẹ àgbàlá tí yóò ti pariwo Àwẹ̀ró, tí yóò ti máa ka àwọn baba ńlá mi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àwọn ará ilé kejì á fi mọ̀ pé mo ti dé. Á sì tún máa kì ìwọ náà mọ́ ọn, àfi bí ẹni pé òun ló bí ọ. Ní báyìí, èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn fúnra mi, tí mò ń sọ pé "Ẹ kúulé" fún àwọn àga. O mọ̀ pé mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Òun ni mo ní, àti ìwọ. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àwẹ̀ró mọ́, Màdáámù ni mí ní Pobè, Màdáámù náà ni mí ní Sakété.

Ohun tó ń gbé mi dìde lórí ibùsùn láàárọ̀ ni wákàtí ìwé ìtàn wa. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó ṣì ń lọ! Àwọn ìwé tí a jọ fi pépà àpò sìmẹ́ńtì bò ṣì wà dáadáa, ìwé kan fún ọmọ méjì, àkọlé tí o fi bírò kọ sára wọn kò tíì parẹ́. Bí o ṣe fi lélẹ̀ gan-an ni mo ṣì ń ṣe é pẹ̀lú kíláàsì Seconde, àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́rìndínlógún: èmi á ka ojú ìwé kan fún wọn ní gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á fi Ànàgó tàbí Ọ̀họ̀rí sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á tún un sọ ní gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí kò lè dá gbólóhùn kan sọ nínú oṣù Ọ̀wàrà ti ń fi gẹ̀ẹ́sì bá mi jiyàn báyìí. Àríyànjiyàn náà ló sì fẹ́ kó mi sí wàhálà.

O rántí ibi tí ọmọ opó inú ìwé ìtàn wa yẹn ti padà dé. Ọmọkùnrin náà ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti kékeré, gbogbo ìlú etí òkun yẹn ti gbà pé ó ti kú. Ó wá kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan nínú òjò. Ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "O pẹ́. Nu ẹsẹ̀ rẹ." Orí ìwé náà parí síbẹ̀. Ìwọ, ìgbà tí o kọ́kọ́ kà á, o sunkún, o sì ní eruku ló kó sí ọ lójú.

Háà, Eugénie, àwọn ọmọ yìí fárígá! Élisée, aláriwo tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní obìnrin yẹn kì í ṣe ìyá ọmọ náà. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ dé láti ìrìn àjò tí wọ́n rò pé ó kú sí, ìyá kò kì í, kò bu omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò pe Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló ń bá a sọ! Ni gbogbo kíláàsì bá gbà á mọ́ ọn lẹ́nu pé orogún ìyá rẹ̀ ni, ìyá gan-an ti kú, òǹkọ̀wé náà kàn fi pamọ́ fún wa ni. Mo ní kí wọ́n lọ kọ ohun tí wọ́n rò. Gbogbo wọn ló kọ orogún. Mo ṣàlàyé pé àwọn òyìnbó ayé ìgbà yẹn kì í da ọkàn wọn síta, pé ó yẹ kí ẹni tó ń kàwé máa wá ohun tí ẹnu kò sọ. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù." Nígbà tí mo ní kí wọ́n tún un kọ, orogún náà ni wọ́n tún gbé wá.

Ká má parọ́, apá kan lára mi wà lẹ́yìn wọn. Ìyá tí kò pe oríkì ọmọ rẹ̀, ìyá wo nìyẹn? Mò ń kọ́ wọn ní ohun tí inú mi kò gbà, àwọn ọmọ sì máa ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọ̀gbẹ́ni Sylvain, dírẹ́tọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, fi pè mí. O mọ̀ ọ́n, kò fẹ́ràn ìwé yẹn rí. Ó ní àwọn òbí ń fẹ́ gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ wọn máa fi ra ọjà ní Nàìjíríà, wọn ò fẹ́ gẹ̀ẹ́sì ìyá arúgbó kan létí òkun. Ó ní Màdáámù Arlette, olùbẹ̀wò, ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ wá jókòó sí kíláàsì mi. Bí kò bá rí i pé ìwé náà yé àwọn ọmọ, òun máa kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, òun á sì fi wákàtí náà fún gírámà títí láé. Mo ní kò burú. Bí wọ́n bá gba wákàtí yẹn lọ́wọ́ mi, Eugénie, kí ni mo fẹ́ máa jí fún?

Ọjọ́ náà pé, òjò rọ̀ láti ìdájí. Màdáámù Arlette jókòó sẹ́yìn pátápátá, dírẹ́tọ̀ jókòó tì í. A ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Èjìdé dé. O ò mọ Èjìdé, lẹ́yìn tí o lọ ló wọlé. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti ìhà Issaba, ó sì máa ń pẹ́ tí òjò bá rọ̀, nítorí o mọ ilẹ̀ dúdú tọ̀hún, ó ń di alùpùpù mú, ó ń di ènìyàn mú. Kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ ronú, mo fi gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí mo máa ń sọ fún un, pé ó pẹ́, kó nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó nù ún sára àpò tí mo tẹ́ síbẹ̀, ó lọ jókòó, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo bèèrè ta ni obìnrin inú ìwé náà jẹ́ sí ọmọkùnrin yẹn. Ta ló tún máa dìde bí kò ṣe Élisée? Ó fi gẹ̀ẹ́sì gígùn, tó dùn-ún gbọ́, ṣàlàyé orogún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màdáámù Arlette gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó bi í léèrè ibi tó ti rí ìyẹn nínú ìwé. Élisée wo ilẹ̀. Mo wo dírẹ́tọ̀, mo rí i pé ó ti ń di àpótí lọ́kàn ara rẹ̀.

Ni Èjìdé bá nawọ́. Ó fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ sọ pé ìyá ọmọkùnrin náà gan-an ni obìnrin yẹn. Élisée ní kí ló fi mọ̀. Ó ní, "Torí pé ohun tí Màdáámù ń sọ fún mi nìyẹn." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò dákẹ́. Ó ní àwọn mìíràn máa ń pẹ́ tí Màdáámù kì í rí wọn, ṣùgbọ́n òun kò tíì pẹ́ rí kí Màdáámù má sọ ọ́. Ó ní kò sí ẹni tó lè sọ fún ènìyàn pé ó pẹ́ àyàfi tó bá ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá òun tí òun ń sùn sí tí omi bá dí ọ̀nà, bí òun wọlé, bí òun kò wọlé, kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan kan.

Mo yíjú sí pátákó. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Èmi tí mò ń sunkún kiri pé kò sí ẹni tó ń retí mi, èmi náà ló ń wo ẹnu ọ̀nà fún ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀, mi ò sì mọ̀! Kí n tó yíjú padà, Élisée ti ṣí ìwé. Ó ké pé òun ti rí i: aládùúgbò opó náà ti bi í rí pé kí ló dé tí kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́, kò sì dáhùn. Ẹlòmíràn rí ibi tó ti ń hun ẹní ẹnu ọ̀nà tuntun. Ìwé ń dún lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn, gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu àwọn tí mi ò gbọ́ ohùn wọn rí. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ orogún mọ́.

Lẹ́yìn kíláàsì, Màdáámù Arlette ní mo máa ń sọ̀rọ̀ yára jù. Ó sọ fún dírẹ́tọ̀ pé wákàtí náà gbọ́dọ̀ wà lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì fọwọ́ pa èèpo ìwé kan, ó ní ta ló bò wọ́n báyìí. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Dírẹ́tọ̀ ní òun ti máa ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwé náà dára. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn!

Mo fò fún ayọ̀ dé ilé. Mo ṣílẹ̀kùn, mo la ẹnu, mo wá rí i pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Mo jókòó sórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mo sunkún bó ti wù mí. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni mo bá Léonce ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó má jẹ́ kí o máa gbé omi wúwo. Sọ fún Merveille pé àǹtí rẹ̀ ní kó máa kàwé, kó sì dẹ́kun gíga. Bá mi kí gbogbo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà lọ́hùn-ún.

Ìsinmi fàkáǹsì tó kọjá, o ní o máa wá. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà, o ní o máa wá. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n tí o bá wá lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú òjò lo máa dé, pẹ̀lú ẹrẹ̀ Pobè lẹ́sẹ̀. Ìyá mi tó mọ oríkì rẹ ti lọ, èmi kò mọ̀ ọ́n kì. Tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo wò ọ́, tí mo kàn sọ pé o pẹ́, kí o nu ẹsẹ̀ rẹ, jọ̀ọ́, má bèèrè nǹkan kan. Nù ún, kí o wọlé.

Àwẹ̀ró rẹ ni,
Lydie.