Wínṣì fún Àbàtà Ìsàlẹ̀ Abà

Sírájù ọmọ mi,

Àsàlámù aléékúmù. Ṣé ara le? Bá mi kí bàbá onílé rẹ ní Máfolúkù, kí o sì kí ọ̀gá rẹ n'Ìsọlọ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí irin tí o ń bá ṣiṣẹ́ yí lù ọ́. Àwa náà ńbẹ, a kàn ń mí ni.

Táòfíkì, àbúrò bàbá rẹ, fi ọ́ hàn mí nínú fóònù rẹ̀, níbi tí ẹ ti ń fi wínṣì, ẹ̀rọ olókùn irin yẹn, wọ́ katakata jáde nínú ẹrẹ̀. Háà! Mo pariwo títí pé kí o kúrò nídìí okùn yẹn, o ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Táòfíkì ní o ò lè gbọ́ mi, pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ṣe é. Mo ní ṣé ohun tó ti pẹ́ ló tún ń mira lójú mi yìí? Ó ní òróró ló ń fún ẹ̀rọ náà lágbára, ìdí nìyẹn tí mo fi di òróró ẹ̀pà sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré mọ́ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún òróró náà, kò sí àbùlà ńbẹ̀, ẹ má fi ti Èkó ba inú ẹ̀rọ jẹ́.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Nígbà tí o wá ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ bàbá rẹ, wọ́n ní ilé ìwòsàn ló kú sí. Irọ́ ni, wọn ò fẹ́ kí ọkàn rẹ bàjẹ́ ni. Àbàtà ìsàlẹ̀ abà ni mọ́tò tó gbé e rì sí. Àwa obìnrin àti àwọn arúgbó la so okùn mọ́ ọn, a fà á, a fà á, okùn já, a tún un so. Mo sáré wọnú mọ́tò lọ bá bàbá rẹ. Ó bi mí bóyá a ti kúrò níbẹ̀, mo ní a ti ń lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibẹ̀ náà ló dákẹ́ sí.

Ní báyìí, oyún Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ ti wá sísàlẹ̀, òjò ò sì dá. Ẹ̀rù ń bà mí, Sírájù. Di ọ̀gá rẹ lẹ́sẹ̀ mú, kó yá wa ní wínṣì. Owó sàráà ogójì ọjọ́, fi háyà ọkọ̀ tí yóò gbé e wá, bàbá rẹ ò ní bínú. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà, n ó fi ra okùn tuntun sílẹ̀.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, wàá fi ọwọ́ gbọọrọ gbé ọmọ rẹ. Bí ọ̀gá rẹ bá kọ̀, ìwọ ṣáà máa bọ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ lápá lẹ ti lọ tán. Ọwọ́ tó fa okùn lọ́jọ́ yẹn ò pọ̀ tó.

Èmi ìyá rẹ,
Ameenat