A Ti Rí Ẹni Tí Yóò Máa Gbé Inú Kọ̀ǹpútà Arúgbó

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé ọmọ ọwọ́ rẹ ń mu ọmú dáadáa? Kí Olúwa má jẹ́ kí iná ilé rẹ kú, kí lífítì ibi iṣẹ́ rẹ má há mọ́ ọ lórí. Èmi àti ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń bá a jiyàn.

Kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ kí a lè máa rí ojú ọmọ-ọmọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di wèrè. Bí a bá tàn án láàárọ̀, ọ̀sán ló ń jí. Èèyàn á tẹ lẹ́tà kan, á lọ wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, lẹ́tà náà kò tíì yọjú. Ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ débi pé ìyá rẹ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ní kí n jẹ́ kó máa sùn lọ́sàn-án, pé àgbàlagbà ni. Lọ́jọ́ tí o pè wá, ọmọ náà la ẹnu, kò pa á dé mọ́. A wo ẹnu yẹn títí, ìyá rẹ ń gbàdúrà, èmi ń wá bàtà mi kí n máa bọ̀. Àṣé ó kàn ń yán ni.

Mo wá gbé e lọ bá Wáyà, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú, ètò tó ń gbé inú rẹ̀ ló wúwo jù ú lọ, ká lé e jáde, ká fi Linux tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ó ní àwọn Linux pọ̀ bí eṣú. Mo ní èèyàn kì í gba ayálégbé láìmọ ìdílé rẹ̀, kó sọ ìran wọn fún mi. Ó ní Debian ló bí Ubuntu, Ubuntu bí Lubuntu, Lubuntu yẹn ló sì ní kí n mú, pé ó fúyẹ́. Mo ní ọmọ-ọmọ kẹ̀, nígbà tí bàbá àgbà ṣì wà láyé? Ta ni yóò máa bá a wí? Mo tún béèrè bóyá bàbá àgbà náà ń mutí. Wáyà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé kíbọọ̀dù oníbàárà. Ó ní bàbá náà kì í ṣe oníwàhálà, aṣọ tí a bá wọ̀ fún un ló lè mú un wúwo, ìyẹn ojú tí à ń rí lórí gíláàsì rẹ̀, ká wọ Xfce fún un, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Mo ní bàbá àgbà ni mo mú. Wáyà kọ́kọ́ gbé Debian náà wá lórí fáláàṣì kó wo yàrá ná láìkó ẹrù wọlé. Ohùn ń jáde, Wáìfáì ń gbé, la bá ní kó kúkú wọlé.

Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yìí yára ju ẹnu ìyá rẹ lọ, mi ò sì mọ̀ pé irú ẹ̀ wà láyé.

Lánàá tí o pè, ọmọ ń yí ojú, itọ́ ń dà, ìyá rẹ ń ṣe bí ẹni fẹ́ wọnú gíláàsì. Èmi, ìwọ ni mò ń wò. Tẹ́lẹ̀, bí o bá rẹ́rìn-ín pé Bàbá, kò sí wàhálà, ẹ̀rín náà á gan síbẹ̀ títí ìpè á fi já, èmi náà á sì sùn fọnfọn. Lánàá, mo rí ibi tí ẹ̀rín náà ti tán. Mo rí ojú rẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò sọ fún ìyá rẹ, àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, mo bá a tó ń di ẹrù.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, ti àlọ nìkan. Ti àbọ̀ kò kánjú, ó di ìgbà tí o bá sùn tẹ́rùn.

Ìwọ tó ń gbé ọmọ, wàá rí ẹni gbé ìwọ náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ