Àmì Orí Ọkọ̀

Màámi,

Ẹ ò ní fàárọ̀ sọkún mi o. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa. Ẹ má wulẹ̀ pè mí, mo ti pa fóònù.

Ẹ rántí pé èmi ni mo ń tẹ òfin ní èdè Yorùbá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin níbí. Wọ́n ṣòfin tuntun pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ wọ igbó ọba, nítorí àwọn tó ń jí gẹdú. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni mo tẹ̀. Wọ́n dìbò sí i, gómìnà buwọ́ lù ú, kò sẹ́ni tó rí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì ń tẹ̀lé e bó ṣe wà nínú ìwé. Ọkọ̀ gẹdú ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn àgbẹ̀ ló wà látìmọ́lé. Bàbá arúgbó kan ti kú síbẹ̀.

Àfi káwọn aṣòfin padà wá jókòó kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ sí ìsinmi, olórí wọn ní òun ò ní pè wọ́n títí di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ bàbá yẹn ò lè dúró dìgbà náà. Wọ́n ń wá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kiri. Ibi tí mo wà tura, kò kàn ní fèrèsé ni.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Fàsílátù. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè mi, ẹ ní ọkùnrin nìkan lẹ bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ Ẹdẹ lámì ohùn, ẹ yẹ lẹ́tà yìí wò: gbogbo àmì ló pé. Orúkọ mi nìkan ni mi ò kọ.