Kọnkéré Tí Mo Dà Sí Àgbàlá Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Igi furúùtù yín kò kú. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó béèrè èmi alára. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó kú.

Ooru Agége ti di nǹkan mìíràn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Òjò tí a mọ àsìkò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní àsìkò mọ́. Á rọ̀ lọ́sẹ̀ kan bíi pé ó ń bá wa jà, á tún gbàgbé wa fún oṣù kan gbáko. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Oregun nírọ̀lẹ́, ṣe ni ooru á máa jáde láti inú kọnkéré àgbàlá bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ààrò búrẹ́dì. Màmá kò lè jókòó síta mọ́.

Ṣé ẹ rántí kọnkéré yẹn? Kí n tó dà á, láràárọ̀, bí ẹ bá ti wọ sùtánà yín, ẹ ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lábẹ́ igi yẹn, ẹ ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹ ó máa gbàdúrà. Bí ẹ bá wọlé, ẹrẹ̀ á ti bo ẹsẹ̀ yín. Ojú máa ń tì mí. Odidi bàbá ìjọ, ẹsẹ̀ bíi ti àgbẹ̀ tó ti oko dé! Mo rò pé oore ni mo ń ṣe yín tí mo fi pe bíríkìlà, tí a da kọnkéré láti ẹnu géètì títí dé ìdí igi, tí a kò ṣẹ́ àyè kankan kù. Ẹ dúpẹ́. Ẹ tún ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn, inú yàrá lẹ ti ń gbàdúrà. Mo gbà pé orúnkún ló ń dùn yín.

Lóṣù tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sàn-án. Omi kò ríbi wọlẹ̀ sí. Gọ́tà kún, àgbàlá kún, omi wọlé bá Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í já, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àkókò rẹ̀. Bísí àbúrò mi fẹ́ ká gé e, ká sì gbé ilẹ̀ àgbàlá ga sí i. Mo ti ń wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgégi. Mo kàn jáde lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbé ọwọ́ lé e bí ẹ ti máa ń ṣe. Ó tutù. Nínú gbogbo àgbàlá tó gbóná janjan yẹn, òun nìkan ló tutù. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, Bàbá. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tó di Sátidé, mo yá dígà.

“Bọ̀dá mi, ṣé kò sí o? Kọnkéré tẹ́ ẹ fowó ara yín dà!” Bísí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ọwọ́ mi bó, mo ń gbẹ́ ẹ lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti ṣí ìdí igi sílẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹní kan. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ bíi gààrí. Mo da omi sí i, mo sì bọ́ bàtà. Ẹrẹ̀ gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi yọ sókè. Láti ìgbà tí a ti sin yín, mi ò tíì rí àdúrà kankan gbà tó dé inú mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó jáde fúnra rẹ̀. Ó dà bíi pé Ẹlẹ́dàá wà nítòsí, pé Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Igi náà ti ń rúwé tuntun. Bísí náà ti ń bá mi fọ́ kọnkéré tó kù.

Bàbá, ṣé orúnkún ni lóòótọ́? Ọdún méjì gbáko lẹ fi wà nínú yàrá yẹn kí ẹ tó lọ, ẹ kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ kò fẹ́ kí inú mi bàjẹ́ ni? Tó bá jẹ́ orúnkún ni, ẹ máa sinmi. Tó bá jẹ́ kọnkéré ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé orí ilẹ̀ lẹ ti ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ kó tó mọ̀.