Ojú Mi Kò Kúrò Lára Ọwọ́ Mi

          Ojúlé Kẹrìnlá,
          Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
          Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
          Ìpínlẹ̀ Ògùn.
          Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Morónkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí bàbá ilé àti gbogbo àwọn ọmọ l'Ábẹ́òkúta. Orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ṣì ń gùn ọ́ bí ẹṣin? Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi pé n kò kọ̀wé, n kò pè. Má bínú. Ó rẹ̀ mí ni. Bí mo bá jókòó báyìí, àtidìde a di iṣẹ́.

Bàbá Tiwalọpẹ́ ṣì wà bí mo ṣe sọ fún ọ nígbà tí ẹ̀gbà mú wọn. Apá ọ̀tún kò tíì lè gbé nǹkan kan. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń wọṣọ fún wọn. N kò ráhùn nítorí ìyẹn, ọkọ mi ni. Ohun tó fẹ́ pa mí ni dùùrù.

O mọ̀ pé àwọn ló tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ti lọ sí Èkó, àwọn tó kù wà ní Kánádà. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní bí Ìkórè bá dé tí kò sí atẹdùùrù, àwọn yóò tì í pa, àwọn yóò máa ti inú fóònù gbé orin jáde. Ọjọ́ tí Bàbá Tiwalọpẹ́ gbọ́, wọn kò jẹun. Wọ́n ní bí dùùrù yẹn bá dákẹ́, kí n má wulẹ̀ gbé àwọn dìde lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́. Morónkẹ́, nítorí ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n fi ń jẹ́ kí n fá irùngbọ̀n wọn. Ni mo bá lanu, mo ní èmi yóò kọ́ ọ. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta!

Tolúlàṣẹ ló ń kọ́ mi, ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kejì, tí mo máa ń nà lọ́wọ́ nítorí pé ó ń fi ìka ṣírò. Ó ti di olùkọ́ orin báyìí. Ẹ̀san dé! "Mà, ẹ má wo ọwọ́ yín. Ìwé ni kí ẹ wò." Bí mo bá wo ìwé, ìka mi a ṣìnà. Bí mo bá wo kíì tí mò ń tẹ̀, kí n tó gbójú sókè padà, n kò mọ ìlà tí mo dé mọ́. Mo tilẹ̀ gé bébà pélébé, mo kọ dòó, rèé, mí sí i, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ kíì. Tolúlàṣẹ ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ní dòó kì í gbé ojú kan, pé bí orin bá ti yàtọ̀ ni dòó ń kó lọ síbòmíràn. Ọrùn ń dùn mí bí ẹni tó ru igi wálé.

Nílé, Bàbá Tiwalọpẹ́ a jókòó tì mí nídìí kíìbọ́ọ̀dù tí Tolúlàṣẹ yá wa. Bí mo bá ti ṣì í, wọn a fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Gbogbo ìjọ ló ń sọ pé ọkọ mi kì í wo ọwọ́ rárá, pé ojú wọn kì í kúrò lára ìwé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń bà mí nínú jẹ́.

Lánàá, mo kọsẹ̀ níbì kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀pá dún lẹ́ẹ̀marùn-ún. Inú bí mi. Mo gbé ìwé náà lé wọn nítan, mo ní kí wọ́n kà á fún mi ná. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá pè mí ní Ọmọ́yẹni. Láti ìgbà tí mo ti bí Tiwalọpẹ́, wọn kò pe orúkọ yẹn mọ́.

"N ò mọ̀ ọ́n kà," ni wọ́n wí. "N ò mọ̀ ọ́n kà rí."

Ṣé o rántí sọ́lífà, dòó-rèé-mí tí a fi ń ka ohùn orin nínú ìwé, tí èmi àti ìwọ kọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Nígbà tí mo délé ọkọ, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìwé orin wá bá mi ní ìdáná, wọn a ní kí n kọ orin ọ̀sẹ̀ náà fún àwọn, pé ohùn mi dùn. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo máa ń fi ṣakọ sí àwọn ìyàwó ilé. Àṣé ohùn mi ni wọ́n ń gbọ́, tí wọ́n ń gbé lọ sídìí dùùrù. Ojú ayé ni ìwé tó wà níwájú wọn.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìbẹ̀rù ni ọkọ mi fi ń jókòó síbẹ̀, kí ẹnì kan má lọ gbé ìwé tuntun síwájú wọn. Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti fi ọwọ́ òsì pa ìwé náà dé. Wọ́n ní kí n máa wo ọwọ́ mi, pé ó kan àwọn láti kọ ọ́ fún mi. Ẹnu wọn wọ́, ohùn wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n orin náà pé. Mo tẹ̀ ẹ́ dé òpin.

Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bá mi kí bàbá ilé, kí o sì fi òróró pa orúnkún yẹn. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tolúlàṣẹ yóò bínú pé mò ń wo ọwọ́. Kó máa bínú. Mo ti ní kí wọ́n gbé àga Bàbá Tiwalọpẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi nídìí dùùrù, kí ọkọ mi lè máa kọ orin sí mi létí. Ìjọ yóò rò pé èmi ni mò ń tọ́jú wọn.

          Èmi ni, tìrẹ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì,
          Ọmọ́yẹni Fábíyìí.